Ṣùkú Oyèbọ́lá Gólì

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sọ ọ́ kiri Plumstead ní London níbí bí kò ṣe rí. Wọ́n ní èmi Títílọlá ni mo sáré wọ pápá láti dójú ti ọ̀rẹ́ mi níwájú òyìnbó. Wọ́n ní ìlara ni. Ìlara kẹ̀? Ìlara kí ni? Kí bọ́ọ̀lù tó le bí òkúta máa bà mí lára ní gbogbo Sátidé? Ẹ gbà mí o.

Oyèbọ́lá lọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó ga, ó fẹ̀ léjìká, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A jọ pín yàrá kan ní Woolwich nígbà tá a kọ́kọ́ dé, kí kálukú wa tó rí ibi tiẹ̀. Èmi ń ṣe irun ní Plumstead High Street. Òun ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead, àwọn tí kò lè dá wẹ̀ mọ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Àwọn ọmọ arúgbó wọ̀nyẹn á wọlé, wọ́n á fò ó kọjá bí àga, wọ́n á ní "the carer ti dé?" nígbà tó jẹ́ pé iwájú wọn gan-an ló dúró sí. Kò sí èyí tó mọ orúkọ ẹ̀ nínú wọn.

Báwo ló ṣe dédìí họ́kì? Ẹ̀rín ló pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ arúgbó, ó máa ń gbálẹ̀ ní ilé-ìwé kan tó ní pápá oníkápẹ́ẹ̀tì, tí àwọn obìnrin kan ti ń gbá họ́kì ní Sátidé. Lọ́jọ́ kan gólì wọn, ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ò wá. Captain wọn, Latifah, ọmọ tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ bí sí Woolwich, rí i pẹ̀lú mọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó ní, "Auntie, jọ̀ọ́, o lè dúró nínú net fún wa? Just dúró." Ẹ gbọ́ "o" tó ń pe ẹni tó lè bí i lọ́mọ! Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, ṣé wọ́n mọ̀ pé "ẹ" wà láyé? Oyèbọ́lá rẹ́rìn-ín, ó gbé mọ́ọ̀pù ti ògiri, ó dúró. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù títí lọ́jọ́ náà, kò wọlé. Ó sọ fún mi pé òun ò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn máa sá fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ eré yìí, ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń gbá a. Bọ́ọ̀lù ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Kò ju ọsàn lọ, ṣùgbọ́n ó le gbagidi, bó bá ba èèyàn lẹ́ṣẹ̀, ẹni náà á pe orúkọ bàbá ẹ̀. Àwọn tó kù máa ń wọ ẹ̀wù àti síkẹ́ẹ̀tì kékeré, wọ́n á ki páàdì bọ ojúgun, wọ́n á fi ike há eyín. Gólì nìkan ló ń múra bí ẹni ń lọ sógun. Páàdì ńlá á bo ẹsẹ̀, bàtà fóòmù á bo bàtà, fóòmù míì á bo àyà, ìbọ̀wọ́ gìrìwò lọ́wọ́ méjèèjì, kó tó wá gbé helmet dé e. Bí Oyèbọ́lá bá wọ gbogbo ẹ̀ tán, mo máa ń bi í pé ṣé òṣùpá ló ń lọ ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe fóòmù ni àwọn obìnrin yẹn gbẹ́kẹ̀ lé. Líle ni. Ẹni tí ìka ẹ̀ dá á fi téèpù dì í mọ́ ìkejì ẹ̀, á ní "mo ti ṣe tán." Ẹni tí bọ́ọ̀lù bà nítan á ká síkẹ́ẹ̀tì sókè, á máa fi ibi tó wú han àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bí ẹni ra góòlù tuntun. Mi ò rí ẹni tí wọ́n bú torí pé ó sunkún, torí mi ò rí ẹni tó sunkún rí. Àwa náà ti kọ́ Oyèbọ́lá ní tiwa tẹ́lẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ibà bá ń gbé ẹ jìgìjìgì, tí wọ́n bi ẹ́ pé báwo lara, kí lo máa ní? "It is well. Mo le bí òkúta nínú Jésù." Ẹnu kì í jẹ́wọ́ àìsàn. Kí ẹ wá da ti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ mọ́ ti họ́kì, kí ẹ fi Ìjẹ̀bú lé e, kí lẹ fẹ́ rí?

Wall ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ògiri. Bó bá ti mú bọ́ọ̀lù kan, wọ́n á máa fi ọ̀pá lu ilẹ̀, wọ́n á máa ké "Wall! Wall!" Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí gan-an ló ń wá nínú òtútù yẹn, àgbàlagbà bíi tiẹ̀. Ó ní, "Títí, níbẹ̀ yẹn, bí mo bá ṣe nǹkan, wọ́n ń rí i."

Ó wá ku Sátidé tí mò ń wí. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni Sunday àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Oyèbọ́lá ló máa darí orin ìyìn. Ó wá sọ́dọ̀ mi ní Fúráìdé, ó ní kí n ṣe ohun tí ojú ò rí rí fún òun. Mo ṣe é. Mo fi attachment di ṣùkú fún un, mo kó gbogbo ẹ̀ lọ sí àárín orí, mo gbé e ga, mo wé e yípo. Ìka mi wú. Nígbà tó wo dígí, òun gan-an kọ̀ láti dìde. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Òun ló sọ fún mi pé eré ti parí fún ọdún yìí. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé náà ni Latifah wá pè é pé eré kan tí òjò dà rú ṣì kù, ọ̀la ni wọ́n máa gbá a, bí wọ́n bá sì pàdánù, ẹgbẹ́ wọn máa já sí ìpele ìsàlẹ̀.

Láàárọ̀ ó wọ́ báàgì gólì ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó yọ helmet, ó gbé e lé orí. Helmet náà jókòó sórí ṣùkú bí ọmọrí orí ìkòkò tó kún jù. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Tú díẹ̀ níbẹ̀."

Mo ní, "Tú kí ni? Ṣùkú ò ní díẹ̀. Bí mo bá tú àárín, gbogbo ẹ̀ lọ nìyẹn. Kí lo máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, wíìgì?"

Ó wo inú helmet náà. Ó fi àtàńpàkò tẹ fóòmù inú ẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti mú sísọ́ọ̀sì mi lórí tábìlì, ó ti ń gé e. Ó ń gé fóòmù yẹn bí ẹni ń gé búrẹ́dì, ó ń jù ú sílẹ̀. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Oyèbọ́lá! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ike òde ló ń gba bọ́ọ̀lù. Irun yìí gan-an ti tó fóòmù."

"Attachment ni fóòmù? Attachment, Bọ́lá?"

"Ìwọ lo ṣe é. Àbí o ò fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ ẹ?" Ó wá rẹ́rìn-ín, ó já ọwọ́ ẹ̀ gbà. Nígbà tó dé e padà, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ike lásán ló wà láàárín bọ́ọ̀lù àti agbárí ẹ̀. Ó na ìka sí mi, ó ní, "Títílọlá, má tú mi fó o. Bí réfírì bá mọ̀, kò ní jẹ́ kí n wọlé, a ò sì ní gólì míì."

Mo lè sọ pé mo jà. Mo jà. Mo pè é ní olórí kunkun, mo pè é ní wèrè, mo ní mi ò ní wá sí ìsìnkú ẹ̀. Ó ń fa síìpù báàgì ẹ̀ ni. Ìgbà tó jáde, mo bẹ oníbàárà tó ń bọ̀ pé kó wá lọ́sàn-án, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo tẹ̀ lé e wọ bọ́ọ̀sì. A sọ̀ ní Thamesmead, níbi tí pápá náà wà.

Ẹ ò tíì rí ìyà bí kéèyàn dúró létí pápá kó mọ ohun tí àwọn tó kù ò mọ̀. Gbogbo wọn ń pariwo, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu wọn. Èmi, bí bọ́ọ̀lù yẹn bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, màá dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Mo ń wo orí kan ṣoṣo. Ó fi ẹsẹ̀ mú ọ̀kan, mo ní "Jésù." Ó fi ìbọ̀wọ́ mú òmíì létí etí, mo tún ní "Jésù." Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá pásítọ̀ ni mí.

Nígbà ìsinmi, mo gbé omi lọ bá a. Òógùn bò ó. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wọlé.

Mo rọra ní, "Bọ́lá, ó tó. Sọ pé inú ń run ẹ́."

"Inú ò run mí."

"Parọ́!"

"Ó kù díẹ̀, Títí. Lọ jókòó."

Latifah rìn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Auntie Títí, kí ló ṣẹlẹ̀? O kàn ń wò bí ẹni fẹ́ cry." Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé orí ahọ́n mi tán. Oyèbọ́lá gbójú sókè wò mí, ojú yẹn, ojú tá a fi ń wo ara wa láti ìgbà tá a ti ń sùn sórí ẹní kan. Ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré pé èèyàn kì í ṣí aṣọ lídìí ẹni ẹ̀ níta, àgàgà lójú àlejò. Mo ní òtútù ni.

Eré bẹ̀rẹ̀ padà. Mi ò padà síbi tí àwọn èrò wà, ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì Oyèbọ́lá ni mo lọ dúró sí. Kò pẹ́ tí réfírì fi fún àwọn tọ̀hún ní kọ́nà. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé ẹnì kan á ta bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, òmíì á dá a dúró, ẹlòmíì á wá gbá a sójú ilé pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀. Ọmọbìnrin gíga kan ló gbá a. Mi ò rí bọ́ọ̀lù náà rárá. Mo gbọ́ ọ. "Gbàgà!" Helmet yẹn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀, Oyèbọ́lá wó lulẹ̀ lórí eékún.

Kí n tó lè pariwo, ó ti dìde. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi ọ̀pá lulẹ̀, "Wall! Wall! Wall!" Réfírì fun fèrè, ó sáré wá, ó bi í bóyá ó mọ ibi tó wà. Ó ní Thamesmead. Ó bi í pé mélòó ni wọ́n gbá. Ó ní "one-one." Ó bi í pé báwo lara ẹ̀. Oyèbọ́lá ní, "I'm fine, thank God. It is well." Kò sí ìkan tó ṣì nínú ẹ̀. Latifah bá a tún helmet ṣe, ó gbá a lẹ́yìn, ó sáré padà. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní Olúwa ti gbà á.

Bí eré ṣe ń lọ ni Oyèbọ́lá yíjú sẹ́yìn sí mi. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ sì rọ̀, bí ohùn ọmọdé.

"Títí, bá mi sọ fún Màmá kó má tíì lọ o. Kó dúró dè mí. Mo ń bọ̀."

Màmá Oyèbọ́lá ti kú. Ó ti pẹ́. Ó kú nígbà tí ìwé ìgbélùú Oyèbọ́lá ò tíì jáde, kò lè lọ sílé kó wá padà wọ ìlú. Ṣọ́ọ̀bù mi la jókòó sí tá a fi wo ìsìnkú náà lórí fóònù. Ó wò ó títí wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó pa fóònù, ó bọ́jú, ó ní àkókò iṣẹ́ òun ti tó, ó lọ wẹ bàbá òyìnbó kan. Kò sunkún. Mo dúró de ẹkún yẹn títí, kò wá. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ ìyá ẹ̀ létí mi mọ́.

Mo di nẹ́ẹ̀tì mú, mo ní, "Bọ́lá, màmá wo?"

"Ó tún bi mí pé màmá wo. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn ńkọ́?" Ó na ìbọ̀wọ́ sí bẹ́ńṣì tí wọ́n kó báàgì sí. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà sí pápá, ó ń pariwo ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n mú ọmọbìnrin gíga yẹn, kí wọ́n má fún un láyè. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dá ṣáká. Ta ló máa mọ̀? Gbogbo èsì tí réfírì gbà, èyí tí ẹnu ẹ̀ ti há sórí láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ọpọlọ tó gbọgbẹ́ ń fi Yorùbá sọ tiẹ̀, èmi nìkan ló sì wà nítòsí tó gbọ́.

Àwọn tọ̀hún tún ń bọ̀. Ọmọbìnrin gíga yẹn ló wà níwájú wọn.

Mo wọ pápá. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wọ̀ ọ́! Bàtà tí mo fi ń dúró ṣe irun ló wà lẹ́sẹ̀ mi, omi sì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo yọ̀, mo ṣubú, mo dìde, mò ń ké "Stop! Ẹ dúró! Ẹ má gbá a!" Fèrè ń dún. Réfírì ń ké pé kí n jáde. Mo dé ọ̀dọ̀ Oyèbọ́lá, mo fa helmet yẹn kúrò lórí ẹ̀ tipátipá, mo yí inú ẹ̀ síta fún gbogbo wọn.

"Kò sí fóòmù! She cut it! Ẹ wò ó! Nothing inside!"

Réfírì wo helmet, ó wo èmi, mo mọ̀ pé wèrè ló kà mí sí. Oyèbọ́lá ní òun wà dáadáa, kí wọ́n má dá obìnrin yìí lóhùn, kí eré máa lọ.

Mo di Latifah lápá. Mo ní, "Fi Yorùbá bi í. Èyí tó o bá mọ̀. Bi í pé ìyá ẹ̀ dà."

Latifah sún mọ́ ọn. "Auntie Bọ́lá, ìyá ẹ dà?"

Oyèbọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó tún nawọ́ sí bẹ́ńṣì. "Òun nìyẹn. Lọ kí i. Kúnlẹ̀ o." Latifah yíjú. Báàgì ló wà níbẹ̀, àti ike omi. Ọmọ yẹn ké sí wọn kí wọ́n pe ambulance.

Ìgbà yẹn ló wá yé Oyèbọ́lá pé eré ti tán. Ó wo helmet tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Títílọlá, o tú mi fó. Lójú gbogbo wọn." Ó bì sára páàdì ẹ̀, ó sì wó lulẹ̀. Mo gbé orí ẹ̀ lé itan mi pẹ̀lú ṣùkú ẹ̀. Wọ́n dúró yí wa ká, kò sí ẹni tó fi ọ̀pá lulẹ̀.

Nínú ọkọ̀, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀ kó má bàa sùn. Mò ń sọ ìsọkúsọ. Ó ń ṣẹ́jú, ó di ìka mi mú.

"Màmá dà? Ṣé ó ti lọ?"

Mo fẹ́ parọ́. Mo fẹ́ ní ó ń bọ̀, ó wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé wa. Ṣùgbọ́n mo ti fi àárọ̀ ọjọ́ yẹn bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún un, ibi tó gbé wa dé nìyẹn.

Mo ní, "Bọ́lá mi, Màmá ti kú. Ó ti pẹ́ tó ti kú."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Màmá tèmi? Ìgbà wo? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?" Ó wá ké. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. "Yé! Àbẹ̀kẹ́ mi! Yé, ìyá mi o! Ta lo fi mí sílẹ̀ fún?" Ó ń kì í, ó ń pè é, omi ojú ń ṣàn wọ etí ẹ̀. Obìnrin ambulance ń bi mí pé ibo ló ti ń dùn ún, kí n sọ fún òun kíá. Mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi sọ ọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú agbárí ẹ̀. Wọ́n fá ṣùkú yẹn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà. Dókítà sọ fún mi pé ká ní ó dúró títí eré fi parí, ó ṣeé ṣe kó má rí ilé ìwòsàn dé. Kí àwọn tó ń sọ ìlara lọ gbé ìyẹn yẹ̀ wò.

Ó yè, ṣùgbọ́n ó bínú sí mi. Kì í gbé fóònù mi. Bí mo bá lọ kí i, á kọjú sí ògiri. Ẹgbẹ́ họ́kì náà já, ó sì gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá di ọ̀sán Tuesday kan, mò ń gbálẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, òun ló wọlé, ó wé gèlè kékeré, ó ti rù. Ó jókòó sórí àga oníbàárà. Mò ń gbálẹ̀ mi lọ, kí n má bàa lé e lọ.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ẹkún ni mò ń sun nígbà tí wọ́n gbé mi dé. Èmi. Mi ò rántí nǹkan kan. Ṣé ìrora ni?"

Ojú ń tì í. Ó ń wo ilẹ̀. Mo lè sọ pé ìrora ni, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Mo ní, "Màmá ni. O bi mí léèrè wọn, mo sọ fún ẹ."

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ.

"Títí, ṣé mo sunkún wọn dáadáa?"

"O sunkún wọn dáadáa, Bọ́lá. Kò sí ọmọ tó lè sun ún jù bẹ́ẹ̀ lọ."